Ohun Tí Mo Kà Sí Wọn Létí

Esch, Luxembourg
Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, 1986

Celeste ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n mi Horácio kò sá lọ sí Brazil. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlélógún tó ti yẹ kí n sọ ọ́, ẹnu mi ò gbà á. Èmi ni mo sọ fún bàbá mi àti ìyá mi pé ó gba orí òkè kọjá ààlà kí wọ́n má bàa mú un lọ jagun ní Angola. Èmi ni mo hun ún. Gbogbo abúlé sì gbà á gbọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀dọ́kùnrin ìgbà náà ń ṣe: lónìí wọ́n wà, lọ́la wọn ò sí mọ́.

Wàá ní kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí. Lẹ́tà rẹ ló dé. O ní kí n fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́, kí o lè kọ̀wé sí i pé ìwọ náà ti wọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ètò ọrọ̀ ajé ní Porto, níbi tí òun náà ti kàwé. Àdírẹ́sì wo? Mo gbé bírò, mo tilẹ̀ fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀kan fún ọ. Mo ti kọ orúkọ òpópónà kan sílẹ̀ kí n tó fa ìwé náà ya.

Ìkíni ló yẹ kó ṣáájú, dárí jì mí. Ṣé ara le? Ṣé òjò Porto ò tíì wọ̀ ọ́ léegun? Màmá rẹ ní kí o máa mu ọbẹ̀ gbígbóná, kó o má fi búrẹ́dì àti kọfí ṣe oúnjẹ ọ̀sán. Èmi ṣì wà nídìí táìlì. Lánàá ni Lourenço tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wò mí títí, ó ní, "Abílio, o lẹ táìlì yìí, o yọ ọ́, o tún lẹ ẹ́. Ṣé o fẹ́ fi ṣaya ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà rẹ wà lápò mi.

Ní ti ẹ̀wù àwọ̀lékè dúdú tí o ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀, ti Horácio wà nínú àpótí ìyá mi. Onílé rẹ̀ ní Porto ló kó ẹrù rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí wọn ò rí i mọ́. Ní kí ìyá àgbà fún ọ. Ṣùgbọ́n má sọ ohun tí mo kọ síbí fún un. Èmi fúnra mi ni màá sọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Abílio Quintela


Porto
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Mo kí màmá. Ẹ ní kí n má sọ, mi ò sọ. Àmọ́ ẹ ò mọ ohun tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́.

Mo lọ sí abúlé lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn òkú. Ìyá àgbà tan àbẹ́là síbi ibojì bàbá àgbà. Mo bi í bóyá kò ní tan ọ̀kan fún Horácio. Ojú tó fi wò mí! "Alààyè ni kí n tan àbẹ́là fún? Ṣé Porto ti yí ẹ lórí ni, ọmọ yìí?" Nígbà tá a délé, ó gbé àwo Horácio sórí tábìlì bó ṣe máa ń ṣe. Látìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń rí àwo yẹn, mi ò kà á sí. Lọ́jọ́ náà mo jókòó tì í, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ mi.

Ó fún mi ní ẹ̀wù náà. Ẹ lè má mọ àṣà wa níbí. A kì í fọ̀ ọ́ láéláé. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ á fi ọwọ́ ya etí ẹ̀wù náà díẹ̀: apá ọ̀tún ni ti ọ̀rẹ́, apá òsì ni ti ẹbí. Bó bá ṣe ya tó ni wọ́n ṣe fẹ́ ọ tó. Ìyá àgbà ò mọ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ ní odò, ó sì ti rán gbogbo ibi tó ya. Ó ní, "Ṣé kí ọmọ mi dé kó wá bá àkísà?" Ọwọ́ rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò fi rí ibi tó rán. Mo di ojú, mo fi ìka tọ̀ ọ́. Méje ló wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì, kò sí nǹkan kan. Odindi ọdún mẹ́ta ló lò níbí, kò sí ẹnì kan tó wá láti ilé.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ẹ̀ka wa lọ́jọ́ Ajé. Senhor Ramiro, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tó tún ń pín lẹ́tà, dìde fùú lórí àga. "Quintela! Ṣé lẹ́tà lo tún wá béèrè?" Ó wá nu awò ojú rẹ̀. "Má bínú, ọmọ. Ẹ̀wù yẹn ló tàn mí jẹ. Àti ìrìn yín yẹn, bíi pé ilẹ̀ ń jó yín lẹ́sẹ̀."

Mo jókòó tì í. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Horácio fi ń wá lárààárọ̀ lọ́dún náà, tó ń béèrè bóyá lẹ́tà ti dé láti ilé. "Ọjọ́ tó dé, ibi tó o jókòó sí yìí ló ti kà á. Ó kà á tán, ó tún un kà. Mo ní, 'Ṣé àlàáfíà ni nílé?' Ó ní, 'Wọ́n ní kí n máa kàwé.' Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ní kí n bá òun gbé e kọ́. Ó gba apá odò lọ. Mi ò tún fojú kàn án mọ́. Èmi ni mo gbé ẹ̀wù náà lọ fún onílé rẹ̀."

Bàbá, bàbá àgbà ò mọ̀wé. Ìyá àgbà ò mọ̀wé. Ta ló kọ lẹ́tà yẹn? Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ọ̀gá wa, Dókítà Meireles, kọ́ wa lọ́sẹ̀ yìí pé ọjà máa ń bàjẹ́ níbi tí ẹnì kan ti mọ ohun tí ẹnì kejì ò mọ̀. Gbogbo kíláàsì ń kọ̀wé. Èmi ò kọ nǹkan kan. Ẹ̀yin ni mò ń rò.

Ẹ wá kí Kérésìmesì tó dé, nígbà tá a bá ń pa ẹlẹ́dẹ̀.

Ọmọ yín, Celeste


Esch
Ọjọ́ kejì oṣù kejìlá, 1986

Celeste,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara wa le, a dúpẹ́.

Ìwé ni mo ní kó o lọ kà, mi ò rán ọ níṣẹ́ ọlọ́pàá. Arúgbó ni Ramiro rẹ yẹn, ojú rẹ̀ ò ríran, ìwọ fúnra rẹ lo sọ ọ́. Àgbàlagbà tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ọgbọ̀n ọdún á ní ìtàn fún gbogbo ẹni tó bá kọjá. Bọ́ ẹ̀wù yẹn. Kò dáa kéèyàn máa wọ ẹ̀wù òkú kiri. Mo ti kọ 'òkú' yẹn, mo fẹ́ pa á rẹ́, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní lè wá pa ẹlẹ́dẹ̀. Ilé ìwòsàn kan là ń lẹ táìlì sí, wọ́n fẹ́ kó parí. Kí àwọn ọmọkùnrin Baltasar aládùúgbò wa bá ìyá mi mú ẹlẹ́dẹ̀ náà. Wọ́n á ní, "Àwọn Quintela yìí, obìnrin nìkan ló kù nílé wọn." Kí wọ́n máa wí.

Sọ́ńdè tó kọjá, àlùfáà ní kí n wá ka Bíbélì fún àwọn ará Portugal tó wà níbí, pé mo mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ. Mo kọ̀. Màmá rẹ bínú, ó ní mo kàn ń gbéra ga ni. Kò mọ̀ pé láti ọdún náà mi ò tíì ka nǹkan kan sókè fún ẹnikẹ́ni. Tí mo bá la ìwé tí mo sì gbọ́ ohùn ara mi, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn mi, tó ń wo ojú ìwé náà lórí èjìká mi, tó ń wò ó bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń kà.

Gbájú mọ́ ìdánwò rẹ. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀ ọ́.

Bàbá rẹ


Porto
Ọjọ́ ogún oṣù kìíní, 1987

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Mo jí láti kọ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́ta, mo sì fà á ya.

Mo ṣe ìdánwò àfẹnusọ lánàá. Àwọn olùkọ́ mẹ́ta jókòó, èmi dúró. Dókítà Meireles bi mí ní ohun tó rọrùn jù lọ, èyí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ tuntun: kí ni iye ohun tí èèyàn yàn? Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó fi sílẹ̀ kó tó lè yan ti ọwọ́ rẹ̀ ni iye rẹ̀. Mo la ẹnu, kò sí ohùn. Mo rí i pé ẹnì kan jókòó lórí àga tó kẹ́yìn, lábẹ́ fèrèsé, tó di ìwé kan mọ́wọ́. Nígbà tí mo tún wò, àga lásán ni. "Senhorita Quintela, ṣé ẹ fẹ́ omi?" Mi ò mọ ìgbà tí mo jáde. Mo fìdí rẹmi.

Mi ò sùn dáadáa mọ́. Mo máa ń rìn lọ sétí odò láì mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń lọ, tí mo bá dé ibẹ̀ mo máa ń wò ó pé kí ni mo wá ṣe. Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ bí ẹ ṣe kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ kí n lè wà níbí. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wálé.

Mi ò fẹ́ lọ bá ìyá àgbà láìjẹ́ pé ẹ gbà. Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Celeste


Porto
Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, 1987

Bàbá,

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí mo ti kọ̀wé sí yín. Lárààárọ̀ ni mò ń lọ bá Senhor Ramiro. "Kò tíì sí o, Quintela." Kò pè mí lọ́mọ mọ́. Lónìí, nígbà tí mo wọlé, kò gbójú sókè wò mí rárá. Ó kàn mi orí.

Celeste


Esch
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, 1987

Celeste, Celeste mi,

Kí lẹ́tà yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, wáyà tí mo tẹ̀ láàárọ̀ yìí á ti dé: WÁ SÍLÉ LÓNÌÍ MÁ DÚRÓ BÀBÁ. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé tí o wà, mo fi ìkejì ránṣẹ́ sí Ramiro fúnra rẹ̀, nítorí kò sí tẹlifóònù níbi tó o wà, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Obìnrin tó ń tẹ wáyà ní, "Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mejì?" Mo ní, "Tó bá ṣeé ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá."

Lẹ́tà rẹ ti oṣù kìíní wà lápò ẹ̀wù iṣẹ́ mi fún ọjọ́ mọ́kànlá, mi ò ṣí i. Mo mọ ìwúwo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣí i, mo dé ibi tó o ti ní "ẹ jẹ́ kí n wálé," mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí èèyàn ń kọ padà. Ìgbà kan tí mo kọ ọ́ rí, mo kọ òdì. Ìgbà tí lẹ́tà kejì rẹ dé láàárọ̀ yìí ni mo sáré lọ tẹ wáyà.

O bi mí ní ìbéèrè. Gbọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1963, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Horácio. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà rẹ̀ fún bàbá àti ìyá mi, èmi náà ni mò ń bá wọn dá a lóhùn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì ní Bragança, máàkì mi sì ju ti Horácio lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni agbára ilé gbé, òun ló sì dàgbà jù. Wọ́n ti ta oko igi castanha wa, èso tó ń bọ́ gbogbo ilé, nítorí rẹ̀. Èmi ń da màlúù.

Bàbá mi jókòó nídìí iná, ìyá mi ń bó castanha tó kù. Mo la lẹ́tà náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé, mi ò nílò láti wò ó: "Bàbá, ìyá, ó ti sú mi. Mi ò rí oorun sùn. Ìwé náà ò wọ orí mi mọ́, ẹ̀rù odò ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wálé kí n wá ran Abílio lọ́wọ́ nídìí màlúù. Ẹ sọ pé kí n máa bọ̀, màá wá."

Ohun tí mo kà sí wọn létí rèé: "Ara mi le. Mo gbégbá orókè nínú ìdánwò. Ẹ kí Abílio."

Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré lónìí. Abílio, sọ fún un pé tó bá rẹ̀ ẹ́, kó wálé wá sinmi. Kó wá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kó tó tán. Ìwé ò ní sá lọ." Bàbá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ yẹn." Celeste, wọ́n sọ ọ́! Wọn ò mọ nǹkan kan, síbẹ̀ wọ́n dá a lóhùn. Èmi ni mi ò kọ ọ́. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá kọ pé: "Bàbá ní a ti ta oko nítorí rẹ. Ẹni tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí kò gbọ́dọ̀ padà sí ilé yìí. Máa kàwé."

Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ìlara ni tàbí ìbẹ̀rù. Ó máa ń wá sí mi lọ́kàn pé bóyá ogun ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bá fi yunifásítì sílẹ̀, àwọn ológun ń dúró dè é. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ mi ò ro ogun rárá lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo rò ni pé: tó bá padà wálé, a jẹ́ pé lásán ni mo fi tèmi sílẹ̀.

Nígbà tí ẹrù rẹ̀ dé láìsí òun, bàbá mi fẹ́ lọ sí Porto. Mo dá a dúró. Mo ní Horácio ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, pé ó ti kọjá ààlà, tí wọ́n bá wá a kiri ọlọ́pàá á mọ̀. Bàbá mi jókòó padà. Ọdún kẹfà lẹ́yìn ìyẹn ló kú. Mi ò mọ̀ bóyá odò ló gbé ẹ̀gbọ́n mi tàbí ó wà láàyè níbì kan tó ń rò pé bàbá òun lé òun. Mi ò mọ èyí tó burú jù.

Lẹ́tà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mi ò sun ún níná. Mo gbìyànjú.

Jáde kúrò níbẹ̀, ọmọ mi. Bóyá o gbàwé ẹ̀rí tàbí o ò gbà á, ilé ni ilé ń jẹ́. Gbèsè ọ̀rọ̀ tí mo jẹ Horácio ni mò ń kọ sí ọ yìí.

Abílio


Abúlé
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì, 1987

Bàbá,

Mo ti délé. Senhor Ramiro fúnra rẹ̀ ló gbé wáyà yẹn wá sí ilé tí mo wà, nínú òjò, láì wọ kóòtù. Ó ń pariwo láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, "Quintela! Wọ́n ní kó o máa bọ̀! Wọ́n ní kó o máa bọ̀!" Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó bá mi gbé àpótí dé ibùdókọ̀, kò lọ títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ìyá àgbà ò béèrè nǹkan kan nípa ìwé. Ó kàn ní, "O ti rù. Jókòó." Ọjọ́ kẹfà rèé tí mò ń sùn. Mi ò mọ̀ bóyá màá padà sí Porto. Ó lè jẹ́ oṣù kẹwàá, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi mí.

Lẹ́tà yín tẹ̀ lé mi dé ibí. Mo kà á nínú ilé màlúù kí ìyá àgbà má bàa rí ojú mi. Mi ò lè pa irọ́ fún yín: mi ò tíì dárí jì yín. Ẹ ṣe ohun tó dáa fún mi, mo mọ̀. Ó pẹ́ lọ́wọ́ yín, àmọ́ ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n mo jókòó ti obìnrin yìí lójoojúmọ́, ó ń gbé àwo sílẹ̀, mo sì mọ ohun tí òun ò mọ̀. Ẹ ti sọ èmi náà di olè.

Lánàá ó ní, "Abílio ló máa ń kàwé fún wa tẹ́lẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń dùn! Mi ò mọ ìdí tó fi fi í sílẹ̀." Mo ní bóyá ojú ló ń dùn yín. Ó ní, "Ojú? Ọkùnrin tó ń lẹ táìlì? Kó wá irọ́ míì."

Ẹ̀yin ni kí ẹ ka lẹ́tà náà fún un. Èmi ò ní bá yín kà á.

Celeste


Bragança
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì, 1987

Celeste ọmọ mi,

Wàá rí i pé Bragança ni mo ti kọ èyí. Awakọ̀ tó ń bọ̀ wá sí abúlé ni mo fi rán. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti dé síbí, nílé àlejò tó dojú kọ ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ti lọ lójú mi. Lánàá mo tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn rẹ̀. Awakọ̀ ní, "Bàbá, ẹsẹ̀ kejì ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ni?" Àwọn obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní mo gbàgbé nǹkan. Kò sí ohun tí mo gbàgbé.

Mo ti sọ fún màmá rẹ kí n tó kúrò ní Esch. Kò pariwo. Ó bi mí ohun kan ṣoṣo: "Ṣé gbogbo lẹ́tà tó o ti kà fún mi látìgbà tá a ti fẹ́ra, bó ṣe wà lo ṣe kà á?" Mo ní mi ò kà kankan fún un rí. Ó ronú sí i, ó ní, "Òótọ́ ni." Ó wá bá mi di ẹrù mi.

Ó ń yí mi lọ́kàn pé, ìyá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Ṣé kì í ṣe ìkà ni láti gba alààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n sì fún un ní ohun tí kì í ṣe òkú tí kì í ṣe alààyè? Kí n jẹ́ kó kú pẹ̀lú Brazil rẹ̀? Mo rò ó láti àárọ̀. Mo wá rántí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe rò ó nídìí iná lọ́jọ́ náà, pé èmi mọ ohun tó yẹ kí wọ́n gbọ́.

Mo ṣí fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé lẹ́tà Horácio síwájú, mo gbìyànjú láti kà á sókè. Nígbà àkọ́kọ́ mi ò kọjá "Bàbá, ìyá." Nígbà kejì mo dé "odò." Nígbà kẹta mo kà á tán. Ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn mi dúró síbẹ̀. Mi ò bojú wẹ̀yìn.

Má sọ fún un pé mò ń bọ̀. Tó bá mọ̀, á se oúnjẹ, tó bá sì ti se oúnjẹ, mi ò ní lè sọ ọ́.

Lọ́la, màá wọ bọ́ọ̀sì aago méje, ẹsẹ̀ méjèèjì. Màá jókòó ti ìyá mi, màá sì ka ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ sí i fún un bó ṣe kọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láì fo ọ̀rọ̀ kan.

Bàbá rẹ, Abílio